Ọ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Fọ Inú Ìyá Mi

Ìyá mi máa ń tọ́ aró wò. Kí n tètè sọ ìyẹn, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tá a fi ṣe òmùgọ̀ tá a ṣe. Ìtòkú la wà, l'Abẹ́òkúta. Ìdílé aláró ni wọ́n bí i sí, àwọn Mùsùlùmí tó ti pẹ́ nídìí òwò, ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ pé kì í ṣe ojú lèèyàn fi ń mọ ìkòkò aró tó ti jinná, ahọ́n ni. Á ti ìka bọ omi, á fi kan ahọ́n, á dijú díẹ̀, á tutọ́ sílẹ̀. Tó bá ta á tó bó ṣe yẹ, á ní ká kó aṣọ wá. Tí kò bá ta á tó, á ní ó kù. Àwọn oníbàárà tó ń ti Èkó wá máa ń dúró wò ó, òun náà mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, á wá máa ṣe fọ́ńté.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà, mo sì wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama. Omi eérú tí ìyá ìyá mi fi ń ṣe aró ti di ohun àtijọ́. Ta ló fẹ́ máa jó igi, kó máa sẹ́ eérú fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí kọ́stíìkì sóódà wà nínú agolo lọ́jà? Gbogbo Ìtòkú ló ti gba kọ́stíìkì. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí wọ́n fi ń tọ́ omi eérú wò náà ni wọ́n ṣì fi ń tọ́ kọ́stíìkì wò, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ohun méjì ni. Nígbà tó yá, ìyá mi kì í tilẹ̀ tutọ́ dáadáa mọ́. Á gbé e mì, á máa bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún nígbà ọyẹ́. Kì í ṣe inú rírun tí èèyàn ń fi àgbo lé lọ. A fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, a fún un ní omi ewúro, a ra oògùn funfun tó ń jẹ́ kí èèyàn gùfẹ̀. Kò gbọ́. Tó bá jẹun tán, á fi ọwọ́ méjèèjì ti abẹ́ àyà, á tẹ̀ síwájú, á máa mí. Ìró tó máa ń fún un pinpin wá ń já bọ́ lára rẹ̀. Bàbá mi wà l'Ékòó lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ fún un nínú ilé wa, èmi tí mo jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni mò ń kígbe lé e lórí, ìyẹn náà sì ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ó lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan. Dókítà tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní kó wá ya fọ́tò inú, ó ní ó ṣeé ṣe kí àwọn ṣiṣẹ́ abẹ. Ìyá mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń rẹ aṣọ láti ìgbà ọmọge ni wọ́n la inú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, kò sì jí mọ́.

"Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn mí," ó ní, "kí n kú sílé."

Mo ní, "Ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti sọ ọ́," ó ní.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ pé àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti di dúdú. Kì í ṣe dúdú ti ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ o. Dúdú tó ń dán ni, tó ń lẹ̀, ó sì ní òórùn kan tí mi ò lè gbàgbé láé. Èmi ni mò ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa, èmi ni mo rí i. Mo figbe ta. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aró ni," ó ní. "Ṣé o rò pé èèyàn á máa tọ́ aró wò láti ọjọ́ yìí wá, kó má hàn níbì kankan? Wo èékánná mi. Nígbà tí ìta rí báyìí, kí lo fẹ́ kí inú rí?"

Ó na ọwọ́ sí mi. Lóòótọ́, ọwọ́ náà dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, dúdú tí ọṣẹ kì í yọ. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ aláró ni èmi náà, ọ̀rọ̀ náà bá mi létí mu.

Ará Íńdíà ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísírì. Àwọn ará Íńdíà pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn, ẹni tó bá dàgbà tó mi á rántí. Adìgbẹ ni tiwa ń gbé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ arúgbó. Màdáàmù la máa ń pe ìyàwó náà. Ó fẹ́ràn àdìrẹ kọjá sísọ. Á kó aṣọ funfun gbọọrọ tí wọ́n ń wé mọ́ra nílẹ̀ wọn wá sí ìsọ̀ ìyá mi, á ní kó bá òun rẹ ẹ́. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó ti wọ́n jù" lọ. Ìyá mi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rárá. Èmi ni mo máa ń dúró láàárín wọn, tí mò ń túmọ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Kí n má tàn yín, mo gbádùn iṣẹ́ ògbufọ̀ yẹn. Àwọn ará ìsọ̀ á máa wò mí, imú mi á máa wú.

Lọ́jọ́ kan, Màdáàmù bá ìyá mi níbi tó tẹ̀ kóró lórí àpótí, tó fọwọ́ ti inú. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe é, mo sì sọ fún un. Ó ní ìyá ọkọ òun mọ bí wọ́n ṣe ń fọ inú èèyàn lọ́nà àwọn baba ńlá wọn, ó ní ìdílé tó ń ṣe é ni wọ́n ti bí i. Òróró, ewé àti omi gbígbóná ni, ó ní wọn kì í gúnni lábẹ́rẹ́, wọn kì í lani nínú. Bí mo ṣe túmọ̀ pé wọn kì í lani nínú, ìyá mi gbé orí sókè.

"Ìgbà wo ni ká wá?" ó ní.

Ọjọ́ Sátidé la lọ sí Adìgbẹ. Mo ti rò pé màá rí abàmì kan, àṣé obìnrin kékeré ni, ó wé aṣọ funfun, ó ní yẹtí imú, ó jókòó sórí ẹní. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ kú ilé, mà." Arúgbó náà fi ìka mẹ́ta di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dijú, ó ń fetí sí bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ní kó yọ ahọ́n. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń mi orí bí ẹni tí nǹkan ò tẹ́ lọ́rùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Á fi èdè wọn sọ ọ́ fún Màdáàmù, Màdáàmù á fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún mi, èmi á fi Yorùbá sọ ọ́ fún ìyá mi. Bí èsì náà ṣe ń padà lọ nìyẹn.

Ṣé ó ń sùn? Irú oúnjẹ wo ni kì í bá a lára mu? Ṣé ẹnu rẹ̀ máa ń korò tó bá jí? Ọmọ mélòó ló bí?

"Àbí ó fẹ́ fi mí ṣe ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni," ìyá mi ní, "tó ń wádìí mi tó báyìí?"

Mi ò túmọ̀ ìyẹn.

Arúgbó náà wá gbé ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Màdáàmù, tó máa ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní Màmá, ní, "Màmá ní kí o fetí sílẹ̀ dáadáa. Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú? Ṣé ó ti bì tàbí yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ rí? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, egbò ló wà nínú rẹ̀. Màmá kò ní fọwọ́ kàn án. Fífọ̀ á ya egbò náà, á pa á. Ọsibítù ló gbọ́dọ̀ lọ, lónìí."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́. Ìyá mi kò yí ojú padà. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń dá mi lóhùn, kí wọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn la ń sọ.

"Sọ fún un pé rárá."

"Màmá…"

"Mo ní kó o sọ pé rárá. Aró kì í ṣe àìsàn. Tó o bá sọ ọ́ fún wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́bẹ ni wọ́n máa dá mi padà sí. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn? Yàtọ̀ síyẹn, ta ló ń jókòó níwájú àlejò tí á máa ṣàlàyé ìgbẹ́ rẹ̀?"

Mo yíjú sí Màdáàmù. Mo ní rárá, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Arúgbó náà ń wo ẹnu mi nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́jọ ni ètò náà máa gbà. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, bọ́tà ló máa mu, bọ́tà màlúù tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Láfẹ́nwá, tí arúgbó náà yọ́ lórí iná títí ó fi mọ́ gaara, tó wá se ewé kíkorò kan mọ́ ọn. Ṣíbí díẹ̀ ni ti ọjọ́ kìíní, ti ọjọ́ kejì jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méjì fún òróró àti oru. Ọjọ́ kẹjọ ni ìfọ̀ gan-an. Tó bá sì fọ̀ tán, omi ìrẹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa mu fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀bà kankan kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ wà nínú oòrùn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la bẹ̀rẹ̀. Tá a bá ti kírun Àsùbáà tán, a ó lọ sí Adìgbẹ. Tó bá mu bọ́tà náà tán, èmi á bá mọ́tò tíṣà lọ sílé ìwé, òun á padà sí Ìtòkú.

"Wọ́n fẹ́ fi mí dín àkàrà," ó ń sọ fún gbogbo ará ìsọ̀. "Ẹ sáà máa wò mí, wọ́n ti ń da òróró, iná ló kù." Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, torí mo bá a nídìí ìkòkò lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìka rẹ̀ wà lẹ́nu.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ má ṣiṣẹ́!"

"Ta ló ń ṣiṣẹ́? Mò ń tọ́ ọ wò fún wọn ni. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọdé wọ̀nyí ba aṣọ oníbàárà jẹ́?"

Báyìí ló ṣe ń mu bọ́tà láàárọ̀, tó ń lá sóódà lọ́sàn-án. Mi ò sọ ìyẹn náà fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, tíṣà gbé ìgò kan wá sí kíláàsì. Ó ní kọ́stíìkì sóódà ló wà níbẹ̀, ó ní àwọn ìyá wa ní Ìtòkú ń lò ó, ó sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ju awọ adìẹ sínú rẹ̀. A ń bá ẹ̀kọ́ lọ, nígbà tí aago máa fi lù, ó fi igi kékeré gbé awọ náà sókè, ó ti rọ̀, ó ti ń yọ̀, ó ń já wẹ́wẹ́. Ó ní kí a má jẹ́ kó kàn wá lára, ó ní ẹni tó bá gbé e mì, egbò ló máa dá sí i nínú. Mo ṣáà ń wo awọ adìẹ yẹn. Egbò, ọ̀rọ̀ tí arúgbó náà lò nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi sáré dé Ìtòkú lọ́jọ́ yẹn. Mo fa ìyá mi wọ yàrá, mo sọ fún un, mo ń sunkún, mo ń bínú.

"Ìyá mi tọ́ aró wò títí tó fi kú," ó ní, "arúgbó kùjọ́kùjọ́ ló kú sí."

"Omi eérú ni tiwọn! Eérú! Èyí kì í ṣe eérú!"

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ìka rẹ̀. Mo rò pé ó ti yé e, mo rò pé á dìde ká lọ sí ọsibítù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé aláró nìkan ló lè sọ ọ́.

"Tí aṣọ bá gba sóódà jù, kí là ń ṣe fún un?"

Mo ṣì ń sunkún.

"Ṣebí a ó ṣàn án ni? A ó ṣàn án, a ó tún un ṣàn, kó má baà jẹ aṣọ. Tó bá jẹ́ sóódà ló wà nínú mi, ṣé kì í ṣe fífọ̀ ló yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́ jáde? Àwọn ará Íńdíà yẹn ni Ọlọ́run rán sí mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lórí. Ẹ bá mi wò ó! Ọmọ girama tó ń múra ìdánwò kẹ́mísírì, mo jókòó, mo gbà pé inú èèyàn dà bí aṣọ. Mo nu ojú mi. Mo tilẹ̀ sin ín lọ síbi ìkòkò.

Ọjọ́ òróró àti oru dé. Arúgbó náà fi òróró yànmọ̀tí gbígbóná pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kọrin wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹnu. Ó wá mú un jókòó sórí àpótí oníhò, ó fi kúbùsù bò ó, ìkòkò ewé ń hó lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi jáde, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì sùn sórí ẹní wọn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó jí, ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan òun bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní inú kò run òun láti àná. Mo yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, mo fọ ilé ìyàgbẹ́, dúdú náà wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo da omi lé e. Mo dá ara mi lóhùn pé ọ̀la ni wọ́n máa fọ̀ ọ́, ọ̀la ló máa tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, arúgbó náà ti gbé epo làrà, èyí tó máa mú kó yàgbẹ́ léraléra, sílẹ̀ nínú ife, pẹ̀lú omi ata ilẹ̀ gbígbóná. Kò gbé e fún un. Ó tún di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún Màdáàmù. Àwọn méjèèjì ń ṣe awuyewuye. Tíṣà ti wọ ẹ̀wù ilé ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá ní ojú rẹ̀ funfun jù nínú," Màdáàmù ní. "Tún bi í. Ṣé ó dá a lójú pé ìgbẹ́ rẹ̀ kò dúdú?"

Mo bi ìyá mi. Ó ní, "Kí ló ń ṣe wọ́n? Rárá." Mo ní rárá.

Arúgbó náà kò wo ìyá mi. Èmi ló ń wò. Ó na ìka sí mi, ó sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan.

"Màmá ní, ìwọ ń kọ́? Ìwọ lò ń tọ́jú rẹ̀. Ṣé ìwọ ti fi ojú ara rẹ rí i?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìyá mi. Kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ túmọ̀. Èmi ni wọ́n bi, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tí èmi gbọ́. Ìyá mi ń wò mí láti orí ẹní, kò mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ó mi orí sí mi díẹ̀ pé rárá. Mo rí ọ̀bẹ, mo rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò jí mọ́, mo rí awọ adìẹ náà. Mo ní, "Rárá, mà. Mi ò rí i rí."

Wọ́n fún un mu. Tíṣà lọ sí iṣẹ́.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n gbé garawa síbẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé garawa náà wá fún arúgbó wò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa fi mọ̀ bóyá kó dá a dúró. Mo gbé ti àkọ́kọ́ wá, ó mi orí pé ó dára. Mo gbé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wá, ó mi orí. Ìyá mi ń dápàárá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n sọ fún ará ilé pé wọ́n ti fọ òun dé ìdí ìkòkò. Ìgbà kẹta, kò dápàárá mọ́. Mo wo inú garawa, dúdú ni. Ó dúdú, ó sì ń dán.

"Dà á nù," ó ní lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Aró tó ń jáde nìyẹn. Dà á nù kí wọ́n má baà dá a dúró."

Mo dà á nù. Mo fi omi ṣan garawa náà mọ́ tónítóní. Mo lọ bá arúgbó náà, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé bákan náà ni, mo ní kí Màdáàmù sọ fún un pé mo ti dà á nù kí òórùn má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Ó wo ọwọ́ mi tó tutù fún omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ nǹkan tó ṣubú nínú yàrá ẹ̀yìn.

Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa wà nínú garawa, ó wà nílẹ̀, ó wà lára ìró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo ń pariwo, "Màmá! Màmá!" Arúgbó náà sáré wọlé, ó fi orúnkún balẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé orí ìyá mi lé itan. Ó wo garawa, ó wá wò mí. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú yẹn bi mí kò nílò ògbufọ̀.

Màdáàmù ló sáré pe tíṣà nílé ìwé. Mọ́tò rẹ̀ la fi gbé e dé ọsibítù, èmi, arúgbó náà àti ìyá mi lẹ́yìn. Ó la ojú lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n là mí o." Mo ní mi ò ní jẹ́ kí wọ́n là yín. Wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, wọ́n ń pe dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ń sáré sókè sódò. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, ó ti kú. Wọn ò là á. Ọjọ́ náà la sin ín.

Ìtòrí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé, ó ń ta sìmẹ́ńtì níbẹ̀, Àlájì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó wọ agbádá, ó mú ọkùnrin méjì nínú àwọn ará ilé, ó ní kí n dìde. Ó ní, "Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Wàá bá mi bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fún àbúrò mi mu."

Tíṣà kò sí nílé nígbà tá a dé Adìgbẹ. Màdáàmù àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan la bá. Ojú arúgbó náà wú, ó dà bíi pé kò tíì sùn láti ọjọ́ náà. Wọ́n gbé àga fún Àlájì, kò jókòó. Ó ní kí n bi wọ́n. Mo bi wọ́n. Màdáàmù bú sẹ́kún.

"Sọ fún wọn pé a bi í," ó ní. "A bi í, a tún bi í. Màmá bi ìwọ pàápàá. Ìwọ lo dá wa lóhùn. Tá a bá mọ̀ ni, a ò ní fọwọ́ kàn án. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn. Ìwọ nìkan lo lè sọ ọ́."

Gẹ̀ẹ́sì Àlájì kò ju èyí tó fi ń kó sìmẹ́ńtì ní iléeṣẹ́ Ewékorò lọ, ti Màdáàmù tó ń fi ẹkún sọ ọ́ kò sì wọ̀ ọ́ létí. Ó yíjú sí mi.

"Kí ló wí?"

Mo wo bàtà rẹ̀. Ìyá mi ti lo ọjọ́ mẹ́jọ nínú ilẹ̀. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀, òun ló purọ́ pa ara rẹ̀, èmi ni mo sì bá a pa á. Inú àwọn ará ilé yìí ni mo máa padà sí, kò sí ibòmíràn tí mo ní. Ẹ̀rù bà mí.

Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ má bínú. Wọ́n ní àṣìṣe àwọn ni. Wọ́n ní kí ẹ fi Ọlọ́run jì wọ́n."

Àlájì mí kanlẹ̀. Ó wo àwọn ọkùnrin méjì náà, ó ní, "Ẹ gbọ́? Wọ́n ti jẹ́wọ́." Ó tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Arúgbó náà kò rí ìyẹn, ẹnu mi ló ń wò látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó wá bá mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbé e lé iwájú orí rẹ̀. Omi ojú rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́.

"Màmá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," Màdáàmù ní. "Ó ní òun mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ láti sọ òtítọ́ náà."

"Kí ló tún wí?" Àlájì béèrè.

"Ó ṣì ń bẹ̀ yín ni," mo ní.

Kí oṣù yẹn tó parí, kò sẹ́ni tó ń kí wọn mọ́, kò sẹ́ni tó ń ta ọjà fún wọn ní Ìtòkú, wọ́n sì kó kúrò l'Abẹ́òkúta kí a tó ṣe ìdánwò. Di òní, tí wọ́n bá ń sọ ikú ìyá mi nílé wa, wọ́n á ní àwọn ará Íńdíà ló fún un ní nǹkan mu, wọ́n á ní ẹnu ara wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́. Tí ẹni tí kò mọ̀ bá wà níbẹ̀ tó ń jiyàn, wọ́n á ní kó bi mí, èmi ni mo gbọ́ ọ. Mo máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.